Fótò mi dáa lójú fóònù, àmọ́ tí mo bá ti fọ̀ ọ́ ó máa ń dúdú jù

Ọmọ_Ìtòkú | Mọ́ńdè, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà tó wà níbí. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fótò, fún ìgbádùn ara mi ni o, mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kámẹ́rà mi tokunbọ̀ ni, Canon 600D, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá, mo wá ra 50mm f/1.8 kún un. Màámi ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni mo ti ń yà jù, àwọn ìyá tó ń ta aṣọ, àwọn kọ́sítọ́mà tó ń ná ọjà, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, nígbà míì mo máa ń gun Olúmọ lọ ya òrùlé ìsàlẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lójú fóònù fótò yẹn á tàn dáadáa, gbogbo èèyàn á ní o káre, tí mo bá wá gbé e lọ fọ̀, ojú àwọn èèyàn á ti dúdú kọjá bó ṣe yẹ, ẹ ò ní rí ojú, ẹ ò ní rí imú, eyín nìkan. Ti àdìrẹ tún wá yàtọ̀, òun kì í dúdú ní tiẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣá, aró tó jinlẹ̀ dáadáa á wá dà bí aṣọ tí wọ́n ti ń fọ̀ látọdún tó kọjá. Gèlè ìyá kan tiẹ̀ tún gé kúrò lókè. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fún mi ní kámẹ́rà mi ló ti gbó. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, owó kámẹ́rà míì ò sí lọ́wọ́ mi báyìí.

Lẹ́ńsìTokunbọ̀ | 7:40 àárọ̀

Lóòótọ́ ni. 2011 ni wọ́n gbé 600D jáde. Tà á, wá owó díẹ̀ kún un, kó o ra mirrorless, kámẹ́rà ìgbàlódé tí ò ní dígí nínú. Mo ní kan nílẹ̀ tó mọ́ nigín-nigín, kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Inbox mi.

Sẹ́gun_Pansẹ́kẹ́ | 7:43 àárọ̀

Ọ̀gbẹ́ni yìí, kí wọ́n ní orí ń fọ́ èèyàn, wàá ní kó wá ra kámẹ́rà 😂😂

Ọmọ Ìtòkú, dá mi lóhùn. Kí lo fi ń gbé fótò yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́? Tó o bá sì ń ṣe edit, báwo ni iná ojú fóònù rẹ ṣe máa ń wà?

Ọmọ_Ìtòkú | 7:51 àárọ̀

WhatsApp ni sà. Iná fóònù máa ń wà lókè pátápátá torí oòrùn, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń jókòó sí ṣe é. Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe lórí fóònù, ni mo ń lò.

Sẹ́gun_Pansẹ́kẹ́ | 8:02 àárọ̀

Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀! Ojú fóònù ní iná lẹ́yìn, bébà ò ní iná kankan, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e ló máa dá padà fún ẹ. Tó o bá gbé iná fóònù sókè pátápátá, fótò tó ṣókùnkùn á rí bí ẹni pé ó ti dáa, wàá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bébà á wá tú àṣírí. Dín iná yẹn kù tó ìdajì, pa èyí tó máa ń yí iná padà fúnra ẹ̀, wọlé síbi tí oòrùn ò ti ta sójú fóònù, kó o gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí funfun ojú fóònù bá ṣì tàn ju funfun bébà lọ dáadáa, á jẹ́ pé iná yẹn ṣì pọ̀.

Ti WhatsApp, òun kọ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú o, àmọ́ ó máa ń fún fótò kéré, tó o bá wá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní ńlá á máa rí wúruwùru. Fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kó o gbé e sórí flash kó o mú un lọ. Àtìtòkú dé ilé ìfọfótò kì í ṣe ìrìn ọjọ́ méjì.

Bàbá_Dákíròòmù | 9:05 àárọ̀

Ohun tí Sẹ́gun sọ dáa, ṣùgbọ́n kò tíì débi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ mi, fi kámẹ́rà rẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Fótò tó ń jáde nínú 600D jẹ́ píksẹ́lì 5184 sí 3456, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di fótò, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ní píksẹ́lì 300 sí ínṣì kan ó máa gùn ju ínṣì 17 lọ, 4x6 tí gbogbo ayé ń fọ̀ ò sì gbà ju 1800 sí 1200 lọ. Ẹni tó sọ fún ẹ pé kámẹ́rà ti gbó, ó fẹ́ kó o kúrò níwájú òun ni.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ. Ohunkóhun tó bá wà níwájú ẹ̀, ó rò pé ó yẹ kó bọ́ sáàárín, kó má funfun, kó má dúdú, àwọ̀ eérú lásán. Tí ìyá kan bá wọ léèsì funfun tó tún wá dúró síwájú ògiri funfun, tàbí kó o yà wọ́n lórí Olúmọ tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn wọn, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, ojú ìyá tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú tẹ́lẹ̀ á wá rì sínú òkùnkùn. Àdìrẹ aláró tó kún ojú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn ti dúdú jù lójú tiẹ̀, á ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, á bù kún un, aró á ṣá. Ṣé o ti wá rí i? Ohun kan náà ló ń sọ ojú èèyàn di dúdú tó sì ń mú aró ṣá, kì í ṣe wàhálà méjì.

Lẹ́yìn kámẹ́rà rẹ, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Av +/- sí. Gbé kámẹ́rà sí Av, níbi tí ìwọ ti ń yan bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe máa ṣí tó tí kámẹ́rà á sì yan ìyókù, tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́lẹ̀, kó o wá fi ìka yí róòlù tó wà lókè. Níwájú funfun, lọ sí +1. Níwájú aró nìkan, wá sí ẹ̀yìn, bíi -2/3 tàbí -1. Kí fótò tó kúrò lójú ẹ, wo àwòrán òkè kékeré yẹn tí wọ́n ń pè ní histogram, tí òkè yẹn bá ti fẹ̀gbẹ́ ti ògiri ọwọ́ ọ̀tún, funfun ti jóná nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè jí i padà.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Sápọ́n nígbà tó jẹ́ fíìmù la fi ń yà, tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wa la máa ń wọ̀n. Gbé àtẹ́lẹwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó ń bà lé ojú ẹni tó o fẹ́ yà, fi kámẹ́rà wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn nìkan, ohun tó bá sọ fún ẹ, fi stop kan kún un, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì. Àtẹ́lẹwọ́ tiwa náà mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú yẹn lọ, ìyẹn ló jẹ́ ká máa fi kún un.

Lẹ́ńsìTokunbọ̀ | 9:20 àárọ̀

Bàbá, mirrorless máa fi gbogbo eléyìí hàn án lójú kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Bàbá_Dákíròòmù | 9:31 àárọ̀

Òótọ́ ni. Ṣé ìwọ lo máa san owó ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Kémta | 10:22 àárọ̀

Bàbá ẹ kúṣẹ́ o, ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kí n máa wá síbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọmọ yìí. Ọmọ mi, níbi tó o ti fẹ́ mú ojú wọn mọ́lẹ̀, má bó wọn o! Ẹni tó ya ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì mi, ó ní òun ń tún fótò ṣe, ìgbà tó máa fi gbé e dé, ilà ojú ìyá ọkọ mi ti pòórá. Ilà o! Ó ti fi nǹkan tó ń mú ojú jọ̀lọ̀ yẹn nù ún kúrò pátápátá, ó tún wá sọ wọ́n di òyìnbó. Màmá wo fótò yẹn títí, wọ́n ní ta nìyí tó wọ aṣọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí wọ́n kó gbogbo mọ̀lẹ́bí jọ nìyẹn, mi ò tíì gbé e kọ́ ògiri títí dòní.

Ọmọ_Ìtòkú | 10:40 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mú ojú mọ́lẹ̀ tí ò ní di bíbó?

Sẹ́gun_Pansẹ́kẹ́ | 11:15 àárọ̀

Kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kúrò lórí JPEG nìkan, kó o máa ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, pẹ̀lú ẹ̀, RAW ló ní nǹkan nínú tó o bá fẹ́ fa òkùnkùn jáde. Tó o bá rí kọ̀ǹpútà yá, darktable wà, áàpù tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ka RAW Canon. Tó bá jẹ́ Snapseed náà ni, Shadows ni kó o gbé sókè díẹ̀, má ṣe gbé Brightness ti gbogbo fótò, kó o wá lo Selective, tẹ ojú ẹni yẹn, fi ìka méjì mú róbótó yẹn mọ sójú nìkan, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. HDR Scape, fílítà inú Snapseed yẹn, sá fún un. Fótò ówàḿbẹ̀ ìlú yìí tó máa ń dà bíi pé wọ́n fi epo pa gbogbo èèyàn lára, òun ni.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé o ti kọjá ààlà: wo ojú àti ọrùn, wo ojú àti ọwọ́. Tí ojú bá ti fi ọrùn sílẹ̀ lọ, padà sẹ́yìn.

ẸgbáTiDé | 12:48 ọ̀sán

Mo máa ń kọjá ní Ìtòkú dáadáa, mo sì mọ nǹkan kan tí ẹ̀yin ò tíì sọ. Àwọn ámúrẹ́là ńlá yẹn! Tó o bá ya ìyá kan lábẹ́ ámúrẹ́là pupa, pupa ni ojú ẹ̀ máa rí, lábẹ́ tápólì aláwọ̀ búlúù ojú á dà bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, oòrùn á tún wá ti ẹ̀gbẹ́ kan fún un ní funfun tiẹ̀. White balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, ò lè tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tó o bá tún apá kan ṣe apá kejì á bàjẹ́. Bẹ àwọn ìyá kí wọ́n sún sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ibi tí òjìji ti parí tí oòrùn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọjú síta, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run á rọra bà lé wọn lójú, inú ṣọ́ọ̀bù á ṣókùnkùn lẹ́yìn wọn. Wàá rí ojú, wàá rí aró, wàá rí ilà tó bá wà.

Lẹ́ńsì 50mm yẹn náà, lórí 600D á máa rí bíi 80mm, ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ á ti kan aṣọ ẹlòmíì kó o tó rí gbogbo gèlè. Fi í ya ojú nìkan. Tó o bá fẹ́ èèyàn pẹ̀lú ọjà ẹ̀, padà sí 18-55.

Ó tún ku kan, tọrọ ààyè kó o tó yà wọ́n. Tó o bá fẹ́ gbé e sórí Instagram, sọ fún wọn pé ibẹ̀ lò ń gbé e lọ, kì í ṣe pé wọ́n gbà kó o yà wọ́n nìkan. Lórí Olúmọ náà, tó o bá dé ibi ojúbọ, bi àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ kó o tó gbé kámẹ́rà sókè.

Ọmọ_Ìtòkú | 1:10 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an sà. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ̀ mí torí màámi, àmọ́ ìyá kan wà tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ojú àwọn jáde, irun àwọn nìkan ni kí n yà, ṣùkú ni wọ́n dì, ó rẹwà.

Bàbá_Dákíròòmù | 1:26 ọ̀sán

Yà á! Àbí o ò tíì gbọ́ nípa J.D. 'Okhai Ojeikere? Irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, funfun àti dúdú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀yìn orí nìkan ló yà, ó sì ń ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2014 ló kú. Gbogbo ayé ló ń gbé fótò yẹn kọ́ ògiri báyìí. Wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wo bó ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára irun, tí o fi lè ka ìdì kọ̀ọ̀kan.

Atẹ̀fótò_Àdátán | 4:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Irú èmi lẹ ń bú láti àárọ̀, iṣẹ́ fótò fífọ̀ ni mò ń ṣe, kì í ṣe èmi ni mo fọ ti ọmọ yìí o. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ara wa díẹ̀. Ẹ̀rọ wa máa ń tún fótò ṣe fúnra ẹ̀, auto la fi í sí, torí ọgọ́rùn-ún fótò lè wọlé láàárọ̀ kan, passport, ìgbéyàwó, òkú àgbà, a ò lè máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti ṣe edit tiyín nílé, ẹ sọ fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ pé kó má fọwọ́ kàn án. Tí ẹ ò bá sọ, ẹ̀rọ máa tún ohun tí ẹ ti tún ṣe ṣe, á wá bàjẹ́, ẹ ó ní àwa ni.

Gèlè tó gé, mo mọ̀ ọ́n, 8x10 lo ní kí wọ́n fọ̀ fún ẹ àbí? Fótò kámẹ́rà rẹ jẹ́ mẹ́ta sí méjì, 8x10 jẹ́ márùn-ún sí mẹ́rin, kò sí bá a ṣe máa kì í bọ̀ ọ́ tí ínṣì méjì ò ní lọ. Ní kí wọ́n fọ 8x12 fún ẹ, gbogbo ẹ̀ á wọlé. Tó bá pọn dandan kó jẹ́ 8x10, fi àyè sílẹ̀ lókè orí nígbà tó o bá ń yà á, pàápàá àwọn onígèlè wa yìí.

Tó o bá ń save, sRGB, ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ wa mọ̀, ni kó o lò. Ẹni tó bá gbé Adobe RGB wá fún wa, àwọ̀ ẹ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́, a ò sì ní sọ fún un.

Sẹ́gun_Pansẹ́kẹ́ | 4:45 ìrọ̀lẹ́

"A ò sì ní sọ fún un" 😭😭 ẹ ò rí àwọn èèyàn yìí

Bàbá_Dákíròòmù | 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣeun, ará Àdátán, òótọ́ lo sọ. Láyé fíìmù aláwọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni, káàdì tí Kodak ń kó fún àwọn ilé ìfọfótò pé kí wọ́n fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Tí àwọ̀ obìnrin yẹn bá ti dáa, iṣẹ́ ti parí lójú wọn, ti ìyá tèmi tìrẹ dọwọ́ ẹni tó bá ní sùúrù.

Ọmọ Ìtòkú, ohun tó o máa ṣe rèé, kò ní gbà ju owó 4x6 díẹ̀ lọ. Nínú dákíròòmù, yàrá òkùnkùn tá a ti ń fọ fótò fíìmù, a kì í da bébà ńlá sílẹ̀ láìtíì dán an wò. A máa gé bébà tín-ín-rín kan, a fi páálí bò ó, a jẹ́ kí iná ẹ̀rọ tàn sí díẹ̀ lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, a fa páálí sẹ́yìn, márùn-ún míì, a tún fà á, títí. Tá a bá wá rì í sínú kẹ́míkà lábẹ́ iná pupa, bébà kan ṣoṣo á fi hàn wá láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tó dúdú jù, a ó mú èyí tó dáa, a ó wá ka àáyá ẹ̀. Ìwọ náà, mú fótò kan, ti ojú èèyàn pẹ̀lú àdìrẹ lára ẹ̀. Save ẹ̀ bó ṣe wà. Gbé e sókè díẹ̀, save. Gbé e sókè sí i, save, lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ nọ́ńbà sí igun fótò kọ̀ọ̀kan kó má dàrú mọ́ ẹ lójú. Fọ gbogbo ẹ̀ ní 4x6, ní ilé ìfọfótò kan náà, lórí bébà kan náà, sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Gbé wọn síta sínú òjìji, kó o wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá dáa nínú wọn, ìyẹn ni fóònù rẹ fi ń parọ́ fún ẹ tó, láti ọjọ́ yẹn lọ wàá mọ iye tó yẹ kó o fi kún un kó o tó gbé e lọ.

Lẹ́ńsìTokunbọ̀ | 8:15 alẹ́

Kámẹ́rà yẹn ṣì wà o.

Ọmọ_Ìtòkú | Sátidé, 3:30 ọ̀sán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àgbà, mo dé o. Mo lọ sí ilé ìfọfótò míì, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, àmọ́ ó ṣe é. Nọ́ńbà 1 dúdú bíi tàtẹ̀yìnwá. Nọ́ńbà 2 dáa díẹ̀. Nọ́ńbà 3, àgbà ọ̀rọ̀! Ìyá tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni mo yà, wọ́n kọjú síta bí ẹ̀gbọ́n ẸgbáTiDé ṣe sọ, aṣọ wà lórí apá wọn, ẹ̀ ń rí ojú wọn, ẹ̀ ń rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi ìyẹ́ kọ sórí aṣọ yẹn, aró yẹn sì dúdú bó ṣe dúdú lójú ọjà. Nọ́ńbà 4 ti fẹ́ máa bó wọn. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n ò tiẹ̀ wo ojú ara wọn, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n ní hẹn, aró mi nìyẹn. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, mo ní láti fọ òmíràn.

Àwọn òrùlé tí mò ń yà lórí Olúmọ ló kù, wọ́n máa ń rí bí ẹni pé èéfín bò wọ́n.

ẸgbáTiDé | Sátidé, 4:02 ìrọ̀lẹ́

O káre! Ti òrùlé, ọyẹ́ nìyẹn, eruku ni, kò sí edit tó máa kó o kúrò tán. Dúró de òjò. Lẹ́yìn òjò tó bá dá nírọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ á mọ́, páànù á tutù, ìpẹtà wọn á pọ́n dáadáa, oòrùn ìwọ̀ oòrùn á gba ẹ̀gbẹ́ bà lé wọn. Fi ẹnu lẹ́ńsì sí f/8, kó o fi ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, sí 100. Nígbà ọyẹ́, má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì síta o, eruku á wọ inú.

Ìyá_Ìbejì_Kémta | Sátidé, 5:19 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, wá ya ìyá ọkọ mi. Pẹ̀lú ilà wọn. Màá sanwó, mo gbọ́ pé o kì í gbowó, ṣùgbọ́n màá san án.

Ọmọ_Ìtòkú | Sátidé, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Màá wá mà, owó bébà nìkan ni kí ẹ san. Bàbá, tí màmá bá fẹ́ gbé e kọ́, ṣé bébà tó ń dán ni kí n lò àbí èyí tí ò dán? Ti bàbá mi àgbà tó wà nílé ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, a ò lè yọ ọ́ mọ́.

Bàbá_Dákíròòmù | Sátidé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Èyí tí ò dán, torí ìka ọwọ́ àwọn ìbejì yẹn 😄 dúdú ẹ̀ ò ní jìn tó ti èyí tó ń dán, ìyẹn ò burú. Má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí ìtẹ̀wé kékeré tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà o, oòrùn á jẹ ẹ́, ilé ìfọfótò gidi ni kó o gbé e lọ. Sọ fún oníférémù kó gé páálí yí etí fótò ká, kó nípọn díẹ̀, kí fótò má baà fara kan gíláàsì. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ló máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ti bàbá àgbà, má fà á rárá. Gbé férémù yẹn síta sínú òjìji, fi kámẹ́rà yà á láti orí gíláàsì, wọ aṣọ dúdú kí òjìji rẹ má hàn nínú ẹ̀, kó o fọ̀ ọ́ ní tuntun.